Sanamahi kọ́ ni Ẹlẹ́dàá àwọn Meitei

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá nípa ẹ̀sìn àbáláyé àwọn Meitei ní Manipur, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Mo fi Sanamahi sípò Ẹlẹ́dàá, torí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ẹ̀sìn náà. Ṣé ó tọ̀nà? Ṣé mo sì lè pe Atiya Sidaba, òrìṣà wọn mìíràn, ní Indra, òrìṣà àwọn Híńdù?

Ìdáhùn: Rárá, méjèèjì kò tọ̀nà. Àṣìṣe ti Sanamahi yìí ti wọ́pọ̀ jù. Igun gúúsù ìwọ̀-oòrùn inú ilé ni ojúbọ rẹ̀ máa ń wà, ojoojúmọ́ sì ni onílé ń rí i. Ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi wà lẹ́nu gbogbo wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ni. Bàbá rẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá: Sidaba Mapu, tí wọ́n tún ń pè ní Atiya Sidaba tàbí Atingkok.

Ẹ tú orúkọ náà wò. “Si” ni kíkú, “da” ni kì í, “ba” ló sọ ọ́ di orúkọ: ẹni tí kì í kú. “Mapu” ni olúwa, “atiya” ni ojú ọ̀run. Fún obìnrin, “ba” á di “bi”, ìdí nìyẹn tí Leimarel, ìyá ilẹ̀, fi ń jẹ́ Sidabi. Oyè ni Sidaba nígbà náà. Bí ẹ bá rí i lásán nínú ìwé, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí wọ́n so ó mọ́.

Ohun tó ń ṣi yín lọ́nà ni pé àwọn ìtàn kan ní bàbá gbé iṣẹ́ dídá ayé lé Sanamahi lọ́wọ́. Ẹni tí a rán níṣẹ́ kọ́ ló rán ara rẹ̀. Ṣé ẹ máa torí iṣẹ́ Ọbàtálá pè é ní Olódùmarè ni? Ìtàn mìíràn ní bàbá ní kí ọmọ méjèèjì yí ayé po. Sanamahi gbéra, ó lọ. Pakhangba, àbúrò, yí ìtẹ́ bàbá po, ó sì gba ìtẹ́. Sanamahi gba inú ilé.

Ní ti Indra: Pamheiba, tó jọba ní 1709, ló sọ ẹ̀sìn Híńdù di ti ààfin, wọ́n sì dáná sun àwọn puya, ìwé àtayébáyé wọn. Orúkọ Híńdù wá bo ti ìbílẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúkọ Meitei ni kí ẹ kọ. Bí ìwé yín bá dárúkọ Indra, ẹ sọ pé ìwé náà ló wí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn maiba (àwòrò ọkùnrin) kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn, nítorí náà ẹ má fi ìdáhùn mi nìkan parí iṣẹ́ yín. Ẹ wo Lai Haraoba, ọdún tí àwọn maibi, ìyá olórìṣà, ti ń fi ijó ṣàfihàn bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀.