Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àwọn afunfèrè Latvia

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo wo fídíò àjọ̀dún orin kan tí wọ́n ṣe ní Latvia, lọ́hùn-ún ní Yúróòpù, akọrin pọ̀ bí eṣú, àmọ́ àwọn tó wù mí jù ni àwọn tó ń fun fèrè bí èrò ṣe ń wọ́ kọjá nígboro. Ṣé ṣọ́jà ni wọ́n ni? Kí ló sì dé tí mi ò rí fáyólíìnì kankan lọ́wọ́ wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ bi wá, torí àwọn èèyàn yìí, wọn kì í dárúkọ wọn tó bó ṣe yẹ, akọrin ló máa ń gba gbogbo ìyìn. Rárá o, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ṣọ́jà. Ológun Latvia ní ẹgbẹ́ tiwọn lóòótọ́, àmọ́ ará ìlú ló pọ̀ jù nínú àwọn tẹ́ ẹ rí yẹn, iṣẹ́ oòjọ́ wọn ọ̀tọ̀, wọ́n kàn fẹ́ràn fèrè ni. Pūtēju orķestris ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọkẹ́sírà àwọn afunfèrè, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké níbẹ̀ ló ní tiẹ̀, iléèwé orin tó wà káàkiri ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ tó máa gbapò àgbà.

Ti fáyólíìnì, ìta gbangba ni wọ́n ti sábà máa ń ṣeré. Tẹ́ ẹ bá ta fáyólíìnì níta, afẹ́fẹ́ á gbé ohùn ẹ̀ lọ, òjò wínníwínní lásán sì lè bà á jẹ́, àmọ́ tròmpẹ́ẹ̀tì àti tròmbóònù, èèyàn lè máa rìn kó máa fun ún, ará òpópónà kejì á gbọ́. Klarinẹ́ẹ̀tì, ìyẹn fèrè gbọọrọ kan tí wọ́n sábà máa ń fi igi ṣe, ló ń ṣe iṣẹ́ fáyólíìnì níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pọ̀ gan-an nínú wọn.

Àjọ̀dún tẹ́ ẹ wò yẹn, Rīga, olú ìlú Latvia, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1873, nǹkan bí 1,000 akọrin ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ orin tó padà di orin orílẹ̀-èdè wọn. Lónìí ọdún márùn-ún márùn-ún ni, akọrin tó ń gun orí pèpéle ńlá tó wà ní Mežaparks ní Rīga lálẹ́ ìparí máa ń lé ní 10,000. Àwọn afunfèrè náà ní kọ́ńsáàtì tiwọn nínú ẹ̀, àwọn ló sì ń mú ìrìn dùn nígboro.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìdílé Jurjāns, torí ìtàn wọn wọ̀ mí lára gan-an. Ọmọ ìyá mẹ́rin ni wọ́n, Andrejs, Juris, Pēteris àti Pāvuls, agbègbè Ērgļi ni wọ́n ti wá, họ́ọ̀nù, ìyẹn fèrè onídẹ tí wọ́n ká kòrókòró, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fun, wọ́n á sì jọ ṣeré fún àwọn èèyàn. Andrejs yìí (1856 sí 1922) ló lọ ń kó orin ìbílẹ̀ àwọn ará Latvia jọ, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ orin ọkẹ́sírà ńlá láàárín wọn. Ẹni tó bá wá ní orin ẹnu nìkan ni Latvia mọ̀, mi ò gbà o, afunfèrè wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Oko ìdílé wọn, Meņģeļi, ti di mùsíọ́ọ̀mù báyìí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ àwọn tó fi fèrè ṣiṣẹ́ jẹun, ẹ wá Orķestris Rīga, ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì tún máa wo fídíò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibi tí wọ́n ti ń rìn.