Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ife onígi tó ń ya nínú

Ìbéèrè (òǹkàwé kan ní Kugbo, Abuja): Ẹ kú iṣẹ́ o. Ife ọ̀gánwó ni mo ń ṣe lórí ẹ̀rọ léètì (èyí tó ń yí igi bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ), gíga ife náà jẹ́ 100 mm. Bowl gouge (irin oníkòtò) tí mo fi ń gbẹ́ àwo láìsí wàhálà ni mo ń lò, ṣùgbọ́n inú ife ń ya ṣákaṣàka, irin sì ń gbọ̀n. Irin wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Ọ̀nà tí irin yín ń gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Nínú àwo, fọ́nrán igi dábùú ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbẹ́ ẹ láti ẹnu wá sí àárín. Ti ife yàtọ̀: fọ́nrán rẹ̀ nà tààrà láti ìdí dé ẹnu. Tí ẹ bá gbẹ́ ẹ bíi ti àwo, ẹ ń hú fọ́nrán tí kò ní alátìlẹ́yìn ni. Àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gbẹ́ jáde.

Ẹ fi dírìlì 20 mm lu àárín, kí ẹ̀rọ má yí ju 500 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kí ihò náà kù 5 mm kó tó dé ìsàlẹ̀ tí ẹ fẹ́. Ẹ máa fa dírìlì jáde lóòrèkóòrè kí èérún igi lè bọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á há, á sì jóná.

Spindle gouge 10 mm (irin oníkòtò tí kòtò rẹ̀ kò jìn tó ti bowl gouge) ló kàn. Ẹ kọ ojú kòtò rẹ̀ sí apá òsì, bí ọwọ́ aago tó wà ní 10, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ihò, kí ẹ fà á sọ́dọ̀ yín títí dé ògiri, díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti yọ kọjá ibi tí ẹ gbé e lé ní nǹkan bí ìlọ́po 5 sísanra rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ mú scraper (irin pẹlẹbẹ tó ń ha igi) olórí róbótó tó nípọn tó 10 mm. Ẹnu scraper gbọ́dọ̀ ga ju àárín díẹ̀, kí èèkù rẹ̀ sì gbé sókè. Tó bá ta, á sọ̀ kalẹ̀ síbi tó fẹ̀. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ àárín, ara ògiri ló máa rì sí.

Bí igi fúnra rẹ̀ bá ń mì nínú chuck (ohun tó di igi mú lára ẹ̀rọ), irin olówó ńlá kò wúlò. Èjìká igi ni kó fara kan ẹnu chuck, kí ìdí igi má kan ìsàlẹ̀ chuck.

Tó bá di rírà, HSS (high-speed steel, irin líle tí ooru kì í tètè rọ̀) ni. Èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ láti ara sípíríǹgì mọ́tò ṣe é fi ṣe scraper, ṣùgbọ́n ẹ máa rì í bọ omi nígbà tí ẹ bá ń pọ́n ọn: ibi tó bá di búlúù ti rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìka ti sáńpépà wọ inú ife tó ń yí. Ẹ we é mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìbéèrè (òǹkàwé kan ní Kaduna): Kí ló dé tí ife mi ń là nígbà ọyẹ́?

Ìdáhùn: Igi tútù ni, ó sì ṣeé ṣe kí ojú àárín ìtì wà nínú rẹ̀. Ẹ gé ojú náà kúrò. Ẹ gbẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ògiri nípọn tó ìdá kan nínú 10 ìbú rẹ̀ (8 mm fún 80 mm), kí ẹ fi ìda tàbí ọ̀dà kun ojú ìgé, kí ẹ sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò ti ní í fẹ́ ẹ tààrà. Ẹ máa gbé e lé òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá lọ sílẹ̀ mọ́, ẹ gbé e padà sórí ẹ̀rọ.