Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Nígbà tí ẹ̀rọ bá mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa fi ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ ṣe titration (dída omi kẹ́míkà tí a mọ agbára rẹ̀ sínú òmíràn díẹ̀díẹ̀ títí iṣẹ́ àárín wọn yóò fi parí) láti mọ ìwọ̀n oògùn inú tábúlẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n ń rí a sì máa tọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kì í lè ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé ẹ̀rọ náà tì ná. Ẹ fún wọn ní bùrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì onílà tí a fi ń da omi jáde díẹ̀díẹ̀), electrode onígíláàsì (ọ̀pá tí a ń kì bọ omi kí mítà lè kà á) àti mítà pH (èyí tó ń fi bí omi ṣe jẹ́ ásíìdì tó hàn), kí wọ́n máa kọ ohun tí mítà bá fi hàn sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ya gíráàfù rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi bọ́fà (omi tí a ti mọ pH rẹ̀, tí kì í sì yí bọ̀rọ̀) pH 4, 7 àti 10 yẹ electrode wò: bí pH bá yí ní ẹyọ kan, ó yẹ kí iná tí mítà ń wọ̀n yí ní nǹkan bí 59 mV (mílífóòtì) ní 25°C. Bí ó bá kéré sí èyí púpọ̀, electrode náà ti ń kú lọ.

Aspirin ni mo fẹ́ràn jù fún ẹ̀kọ́ yìí. Kí wọ́n yọ́ ọ nínú ethanol tútù, kí wọ́n máa da sodium hydroxide 0.1 M, tí í ṣe alkali, sí i, mílílítà kọ̀ọ̀kan lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n wá dín in kù sí 0.1 mílílítà nígbà tí pH bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ibi tí ìlà gíráàfù ti fò sókè jù lọ ni òpin iṣẹ́, ìyẹn ibi tó yẹ kí a dúró, kì í ṣe pH 7 tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tẹjú mọ́. Mílílítà kan sodium hydroxide yìí sì dúró fún 18.02 mg aspirin.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ jù ni pé ásíìdì ni electrode mọ̀, kò mọ oògùn. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ náà falẹ̀ tàbí tí wọ́n gbé e kaná, alkali yóò fọ́ aspirin sí wẹ́wẹ́, yóò sì gba sodium hydroxide sí i, débi pé oògùn yóò dà bí èyí tó pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó ti pẹ́ náà lè tan wọ́n jẹ, nítorí salicylic acid àti acetic acid tó jáde lára rẹ̀ ni mítà yóò kà mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun àti èyí tó ti pẹ́, kí wọ́n fi àwọn gíráàfù wéra.

Lẹ́yìn èyí, vitamin C pẹ̀lú áyódínì àti electrode onípílátínọ́ọ̀mù yóò fi hàn wọ́n pé ọ̀nà yìí kò mọ sórí ásíìdì nìkan. Nígbà tí ẹ bá dá ẹ̀rọ padà fún wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka òpin iṣẹ́ lórí ìlà tí ó yà, kí wọ́n tó wo iye tí ó kọ.