Ẹ Bi Wá: Ṣé Ilé Ẹgbẹ́ Òkùnkùn Ni Àwọn Ilé Akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti rí ààyè ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, a sì ń dúpẹ́. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i nípa ibi tí yóò máa gbé ni mo ti rí oríṣi ilé mẹ́ta tí kì í ṣe ti yunifásítì fúnra rẹ̀: ti fraternity, ti sorority àti ti co-op. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni fraternity. Ìlú yìí ni mo wà ní ọdún 1999, n kò sì gbàgbé ohun tí ojú wa rí. Kí ni ìtàn àwọn ilé wọ̀nyí, ṣé kí ọmọ mi sì súnmọ́ wọn? (Bàbá Ọmọ, Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú oríire ọmọ. A kò ní bá yín wí pé ẹ̀rù ń bà yín. Ní òru mọ́jú Sátidé, ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ Awólọ́wọ̀ Hall ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n sì pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́, George Iwilade tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn. Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ ní ìlú rẹ̀ yóò bi léèrè kó tó gba ọmọ rẹ̀ láyè. Fraternity ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin, sorority ni ti obìnrin, co-op sì ni ilé alájẹṣẹ́kù àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni fraternity àti ẹgbẹ́ òkùnkùn kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán.

Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1776 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì William and Mary, ní ìpínlẹ̀ Virginia, dá ẹgbẹ́ Phi Beta Kappa sílẹ̀. Lẹ́tà èdè Gíríìkì mẹ́ta ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní ìbúra, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn tán, iyàn àti àròkọ ni iṣẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ àwọn tó mọ̀wé jùlọ ni ó dà lónìí. Fraternity bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n nísinsìnyí bẹ̀rẹ̀ ní Union College, ní ìpínlẹ̀ New York, nígbà tí wọ́n dá Kappa Alpha Society sílẹ̀ ní ọdún 1825.

Ìjà ni ó fi wọ yunifásítì tí ọmọ yín ń lọ gan-an. Ọdún 1841 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ann Arbor, ìlú tí yunifásítì náà wà. Nígbà tí ó fi máa di 1845, fraternity ti débẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn olùkọ́ ti ṣòfin pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ. Kí ni àwọn ọmọ Chi Psi, ọ̀kan lára àwọn fraternity náà, ṣe? Wọ́n gé igi, wọ́n to ìtì léra, wọ́n fi kọ́ ahéré kan sínú igbó lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣèpàdé. Ahéré yìí ni wọ́n sábà máa ń kà sí ilé fraternity àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kúrò nílé ẹ̀kọ́ bí ọdún 1849 ṣe ń parí lọ, kí ará ìlú tó dá sí i, tí wọ́n sì gbà wọ́n padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Títí dé ibí yìí, Bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lè máa mi orí pé òun kúkú ti sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ni ó yí i padà. Henry Tappan, tó di ààrẹ yunifásítì náà ní ọdún 1852, kò fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ máa sùn nínú ọgbà, ó sì sọ àwọn yàrá ibùgbé wọn di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí ìgboro láti wá yàrá, bí àwọn ọmọ tí kò rí ààyè nínú ọgbà ní Ifẹ̀ ṣe ń wá a kiri ní Lagere àti Mọ́ọ̀rẹ̀ títí di òní olónìí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn fraternity dáwó jọ, wọ́n háyà ilé, wọ́n rà á, wọ́n kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ tó ń sá pamọ́ sínú igbó wá di onílé tó ní nọ́ńbà lára ògiri, tó ní àlàgbàṣe tó ń dáná, tí ará àdúgbò sì mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí ariwo bá pọ̀ jù lóru.

Àwọn obìnrin náà kò kẹ́yìn. Ọdún 1851 ni ẹgbẹ́ wọn kan, irú èyí tí à ń pè ní sorority, ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Macon, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọdún 1870 ni Michigan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin wọlé, ẹgbẹ́ obìnrin Alpha Phi ní ìlú Syracuse, ní New York, sì kọ́ ilé tirẹ̀ ní 1886. Àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọn kò gbà sí ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó, dá tiwọn sílẹ̀: àwọn ọkùnrin méje ní Yunifásítì Cornell ní 1906, àwọn obìnrin ní Yunifásítì Howard ní 1908.

Tiwa ńkọ́? Ní ọdún 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn láti tako ìwà ṣèmí-n-bí-òyìnbó àti ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Nínú ọgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nígbà náà, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹgbẹ́ náà fi máa wá ilé. Ẹgbẹ́ mìíràn yapa kúrò lára rẹ̀ ní 1972, àwọn mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, Pyrates fúnra rẹ̀ sì kúrò nínú ọgbà àwọn yunifásítì ní 1984. Àwọn tó kù wọ inú òkùnkùn lọ. Ẹgbẹ́ tí kò nílé kò ní ilẹ̀kùn tí òbí tàbí ọlọ́pàá lè kàn.

Síbẹ̀, kí ọmọ yín ṣọ́ra. Ní ilé fraternity mìíràn, wọ́n máa ń fìyà jẹ ọmọ tuntun, wọ́n á fún un ní ọtí mu títí yóò fi dákú, àwọn kan sì ti kú bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2004 ni òfin ìpínlẹ̀ Michigan ti sọ ìyà báyìí di ẹ̀ṣẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ilé co-op ni ǹ bá ní kó kọ́kọ́ lọ wò, mo sì rí i pé ẹnìkan ti béèrè nípa rẹ̀ nísàlẹ̀ yìí.

ÌBÉÈRÈ: Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní Berkeley, ní California, ní ilé alájẹṣẹ́kù ni òun ń gbé, pé òun sì ń fọ abọ́ gbogbo ilé nítorí rẹ̀. Ta ni ó ni ilé yẹn? Ṣé wọn kì í fi ọmọ wa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀? (Màmá Akápò, Òkèsà, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ni ín. Ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣe tiyín ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí orísun kan náà ni: ìlú Rochdale ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn 28, tí ahunṣọ pọ̀ nínú wọn, ti dáwó ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní ọdún 1844. Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun àti àbẹ́là díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tà. Ìbò kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, iyekíye tó wù kó dá. Ìlànà yẹn ni òfin alájẹṣẹ́kù ọdún 1935 gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kòkó wa.

Nígbà tí owó gbẹ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, tí ọ̀pọ̀ òbí kò lè san owó ilé ọmọ mọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Michigan bẹ̀rẹ̀ ilé alájẹṣẹ́kù ní 1932. Àwọn 14 ṣe bákan náà ní Berkeley ní ọdún kejì. Kò sí ìbúra, kò sí pé a ń ṣa ẹni tó dára jù. Owó tí wọn ìbá fi san alásè àti agbálẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dí i: lónìí, nǹkan bíi wákàtí 5 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ẹnìkan á se ọbẹ̀ ilé, ẹnìkan á fọ ìkòkò, ẹlòmíràn á fọ ilé ìwẹ̀. Wọ́n ń dìbò yan ẹni tó ń pín iṣẹ́ náà, ọmọ ọmọ yín sì lè dìbò yọ ọ́ bí ó bá ń ṣe ojúsàájú.

Ibi kan ni tiwọn ti yàtọ̀ sí tiyín: bí ó bá jáde, kò ní ìpín tí yóò gbà nínú ilé náà, torí pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló kàn láti gbé ibẹ̀. Ní ti abọ́, ẹ jẹ́ kó máa fọ̀ ọ́. Bó bá pa á tì, owó ìtanràn ni wọn yóò bù lé e.