Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìbànújẹ́ Inú Àwo Orin Duty

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni a jọ máa ń gbọ́ orin àwọn ará Japan, àwo orin Duty tí Ayumi Hamasaki gbé jáde ní ọdún 2000 sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ọ̀kan nínú wa ní ìbànújẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù, pé bí òun bá gbọ́ ọ tán, ńṣe ni ara òun máa ń wúwo. Ẹnì kejì ní òun kò rí ìbànújẹ́ kankan níbẹ̀, ijó ni òun ń fi í jó. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yé mi ìdí tí ọ̀dọ́mọbìnrin tí òkìkí ti kàn yóò fi máa kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A kò gbọ́ èdè Japan. Ìtumọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe ni a ń kà. Ta ni ó jàre nínú wa?

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun fún lẹ́tà yín. Lójú tiwa, kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí oníkálukú kọ etí sí ni kò dọ́gba. Àwọn bíi Dai Nagao àti Kazuhito Kikuchi ni wọ́n ṣe ohùn àwọn orin inú Duty, ṣùgbọ́n Hamasaki fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ wọn. Ọwọ́ tí ó ṣe ohùn kọ́ ni ó kọ ọ̀rọ̀, ohun tí ó sì mú kí àwo náà ṣòro láti dá ní orúkọ kan nìyẹn. Ẹ wo orin SURREAL: gìtá rẹ̀ le, ìlù rẹ̀ ń sáré, ẹni tí ó bá fẹ́ jó yóò rí ibi fi ẹsẹ̀ sí dáadáa, síbẹ̀ ohun tí ẹnu olórin náà ń sọ ni pé ìdánìkanwà tí ènìyàn ń ní nígbà tí ó wà pẹ̀lú ẹlòmíràn korò ju ti ẹni tí ó dá wà ní tòótọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ yín tí ó ń jó kò parọ́, ṣùgbọ́n ìlù nìkan ni ó tíì gbọ́. Ẹ fún un ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ orin náà kí ó kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì tún orin náà gbọ́.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín tí ara rẹ̀ ń wúwo, òun ni ó sún mọ́ ohun tí àwọn olùgbọ́ ní Japan sọ nígbà náà jù lọ. Kí àwo náà tó jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, orin mẹ́ta ti ṣáájú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: vogue ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin, Far away ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, àti SEASONS ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré ni ó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, ìtàn kan ṣoṣo tí a pín sí mẹ́ta ni wọ́n sì jẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní orin àìnírètí alápá mẹ́ta. Vogue ní kí òdòdó tanná pẹ̀lú ìyangàn, nítorí pé lẹ́yìn náà, kò sí ohun tí ó kù fún un ju kí ó rẹ̀ dànù ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ. Ẹ rántí pé òdòdó sákúrà, tí gbogbo Japan máa ń dúró dè lọ́dọọdún, ti máa ń rẹ̀ dànù ní Tokyo kí òpin oṣù kẹrin tó dé. Àkókò tí orin náà bọ́ sí ọjà gan-an nìyẹn. Nínú Far away, ènìyàn kan wọ bọ́ọ̀sì tí èrò kò tíì pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń lọ síbi tí ojú rẹ̀ mọ̀ rí ṣùgbọ́n tí yóò rí bí ibi tuntun lójú rẹ̀. SEASONS ni ó parí ọ̀rọ̀ náà: ọdún tún ń yí po, ìgbà kan tún ti lọ, ìrántí sì tún jìnnà sí i.

Bí ẹ bá tún gbé àwo náà síwájú, ẹ ó rí i pé orin kẹta, ìkẹfà àti ìkẹsàn-án ni wọ́n fi àwọn mẹ́ta yìí sí. A kò gbà pé èèṣì ni. Bí olùgbọ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, ọ̀kan nínú wọn á tún yọ, ìdí sì nìyí tí ara ọ̀rẹ́ yín fi ń wúwo. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni SEASONS, orin tí wọ́n lò fún eré tẹlifíṣọ̀n Tenki Yohō no Koibito lọ́dún náà, tí àwọn ènìyàn sì ti gbọ́ nínú ilé wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ lórí àwo. Kò sí ẹkún nínú ohùn rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ti sunkún tán, tí ó wá jókòó, tí ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni a ó rí nínú àwọn ìgbà tí ó ń yí po.

Ẹ̀yin alára ni ẹ béèrè ìbéèrè tí ó tóbi jù. Fukuoka ni wọ́n ti bí Hamasaki ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1978. Bàbá rẹ̀ kúrò nílé nígbà tí ó ṣì kéré gan-an, ìyá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àgbà ni wọ́n sì tọ́ ọ. Nígbà tí Max Matsuura, ọ̀gá ní Avex, ilé iṣẹ́ tí ń gbé orin rẹ̀ jáde, rán an lọ sí New York láti kọ́ bí a ṣe ń lo ohùn, ó máa ń kọ lẹ́tà sí i, àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn ni ọ̀gá náà kà tí ó fi ní kí ó máa kọ ọ̀rọ̀ orin. Kí ẹ má ṣe gbàgbé ibẹ̀ yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ ṣì ń dún bíi lẹ́tà títí di ìsinsìnyí. Láti oṣù kìíní ọdún 1999 sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, àwo orin mẹ́ta ni ó ti gbé jáde, Duty sì ni ẹ̀kẹta. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ó pé ọmọ ọdún 22 nígbà tí ó jáde. Àwo náà tà ju 2,500,000 lọ.

Ẹ wá ka orin tí àwo náà ti gba orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní òun fi ojú ara òun rí bí sànmánì kan ṣe parí, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ mọ̀ pé òun ni ó kàn. Òkìkí tí ẹ rò pé ó yẹ kí ó lé ìbànújẹ́ lọ ni ìbànújẹ́ náà gan-an. Ó ti rí bí wọ́n ṣe ń gbé ènìyàn gorí, ó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ojúṣe rẹ̀ sì ni láti máa kọrin nìṣó. Ní ọdún 2002, ó sọ fún ìwé ìròyìn TIME pé ó yẹ kí a máa wo òun gẹ́gẹ́ bí ọjà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ Duty kò ní rí ìgbéraga nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì dùn wá púpọ̀ nígbà tí a kà á.

Ohun kan wà tí ìtumọ̀ tí ẹ ń kà lè má fi hàn yín. Nínú èdè Japan, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni ènìyàn lè fi pe ara rẹ̀ ní “èmi”, “boku” tí Hamasaki ń lò lemọ́lemọ́ sì jẹ́ èyí tí a mọ̀ mọ́ ọkùnrin. Àwa tí “èmi” wa kò yà sí akọ tàbí abo kò lè tètè mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gbọ́ ọ lè gba ọ̀rọ̀ náà bí tirẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ń kọ́? AUDIENCE ni. Ó dára ní ààyè ara rẹ̀, ó kún fún ayọ̀, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sí ẹ̀yìn SURREAL gan-an, SEASONS ni ó sì tẹ̀ lé e. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí SEASONS nílò ni ó gbà lọ. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé ó bu ìdùnnú díẹ̀ wọ inú àwo náà ní ẹ̀tọ́ sí èrò wọn. Àwa kò fara mọ́ ọn.

Teddy bear ni a rọ̀ yín kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbọ́. Ẹnì kan ṣèlérí fún ọmọ kan pé ohun tí ó rẹwà yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ọmọ náà sùn pẹ̀lú ìrètí. Nígbà tí ó jí, ẹranko béárì ìṣeré ńlá kan ni ó bá, ẹni tí ó ṣèlérí kò sí níbẹ̀ mọ́. Orin náà kò dá orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ so ó mọ́ bàbá Hamasaki, àwa náà kò sì lè gbọ́ ọ kí ọkàn wa má lọ síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Mo ti gbọ́ Duty, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Èwo ni kí n gbọ́ tẹ̀ lé e? Ṣé I am… tí ó jáde ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2002 ni?

ÌDÁHÙN

Ẹ má tíì lọ síbẹ̀. I am… dára, Hamasaki fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe púpọ̀ nínú ohùn orin rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ CREA, ṣùgbọ́n ayé ni ó ń wò níbẹ̀ ju inú ara rẹ̀ lọ. Ẹ padà sẹ́yìn sí A Song for ××, àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó jáde ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1999. Nínú orin tí ó jẹ́ orúkọ àwo náà, ó sọ nípa ọmọ tí wọ́n máa ń yìn pé ó lágbára, tí wọ́n ń kí pé ó káre nítorí pé kì í sunkún. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ tún fi teddy bear sí i.