Ọjọ́ tí wọ́n jẹ wá ní góòlù 8

Arákùnrin tó ní ìyàwó òun kì í lè bá òun sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí kílọ́ọ̀bù òun bá fìdí rẹmi, tó wá ń béèrè bóyá bọ́ọ̀lù ti di òrìṣà mọ́ òun lọ́wọ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti wà níbi tí ẹ wà yẹn rí, mo sì pẹ́ níbẹ̀.

Arsenal ni mo ń ṣe. Ọdún 2004 tí wọ́n gba líìgì láìfìdí rẹmi rárá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ìfẹ́ wọn kó sí mi lórí. Lọ́dún 2006 tí wọ́n fẹ́ bá Barcelona gbá àṣekágbá Champions League, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀. N kò gbààwẹ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo nígbà tí ìyá mi wà lórí àìsàn. Barcelona nà wá 2-1, mo sì bá Ọlọ́run bínú, bí ẹni pé àwọn ará ọ̀hún ò ní ẹnu tí wọ́n fi ń gbàdúrà.

Ìyẹn ṣì kéré. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, Manchester United nà wá 8-2 ní Old Trafford. Ọmọ mi ọkùnrin ò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ó rí i pé ojú mi ti pọ́n, ó lọ bu omi wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ kí omi má baà dà. Ó dé iwájú mi gẹ́lẹ́ bí góòlù kẹjọ ṣe wọlé. Mo jágbe mọ́ ọn débi pé ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu omi, ó ń wí pé, “Dádì, ẹ má bínú.” Jẹ́sì Arsenal ni ẹ̀wù ọ̀hún. Èmi ni mo rà á fún un.

Mo máa ń sọ pé bọ́ọ̀lù ló ń mú inú bí mi. Irọ́ ni. Ìbínú yẹn mọ ẹni tó ń lọ bá: lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, n kò jágbe mọ́ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Torí náà, ẹ yé da ara yín láàmú lórí bóyá òrìṣà ni àbí kì í ṣe òrìṣà. Ẹni tí ẹ ń fi rúbọ ni kí ẹ wò.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Andrés Escobar wá ń jẹ mí lọ́kàn. Agbábọ́ọ̀lù Kòlóńbíà ni, ó sì ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé orílẹ̀-èdè ara rẹ̀ nínú Ife Àgbáyé 1994. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n yìnbọn pa á ní Medellín. Mo ti máa ń pe ẹni tó yìnbọn ní ẹranko. Ṣùgbọ́n èmi náà ti fi ẹnu ara mi gbàdúrà kí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kán.

Òtítọ́ gan-an tún sá fún mi. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2009, Thierry Henry, akọni mi tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal rí, fi ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù kí Gallas, ọmọ Faransé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi orí kàn án wọlé, ni Faransé bá já Ireland kúrò lójú ọ̀nà Ife Àgbáyé. Mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan gbè é lẹ́yìn. Henry fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́, èmi ṣì ń jiyàn! Ká ní agbábọ́ọ̀lù Chelsea ló ṣe é, olè ni ǹ bá pè é.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ẹ má dá a láṣà rárá.

Mo ṣì ń wo bọ́ọ̀lù o, mo sì ṣì fẹ́ràn Arsenal dọ́kàn. Kí ẹ tó pinnu bóyá ẹ ó jáwọ́, ẹ bi ìyàwó yín léèrè ohun tí ẹ máa ń sọ àti bí ojú yín ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí ẹ bá pàdánù. Ẹ pa tẹlifíṣàn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ìyàwó tèmi lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ omi tó dà yẹn ló sì fi bẹ̀rẹ̀.