Èsì: Abo àgùntàn mẹ́rin, kò sí àgbò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá dandan ni kí ẹ ra àgbò nítorí abo mẹ́rin péré. Rárá o. Yóò máa jẹun yípo ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju oṣù kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ yá a.

Ṣùgbọ́n ẹ má yá a fún ọ̀sẹ̀ kan. Nǹkan bí ọjọ́ 17 síra ni abo àgùntàn máa ń wá akọ, ọjọ́ kan sí méjì péré ló sì máa ń fi wá a. Ẹ jẹ́ kí àgbò lo ọjọ́ 35, kí abo tí kò lóyún lẹ́ẹ̀kíní lè tún rí àyè. Ẹ po èédú lílọ̀ mọ́ epo, ẹ fi pa á láyà. Abo tí àgbò bá gùn, dúdú á hàn ní ìdí rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ ka oṣù márùn-ún kí ẹ lè mọ ìgbà tí yóò bímọ.

Kí àgbò tó wọlé, ẹ yẹ pátákò àti kórópọ̀n rẹ̀ wò, kí ẹ sì bèèrè àjẹsára rẹ̀. Ẹ tètè ṣe é ṣáájú Iléyá o, àgbò tí ẹ ń fojú sí lè ti di ẹran díndín!